Omi Tó Wọlé Mi Lórí Kọ̀ǹpútà

Gbogbo Kabala Doki ní Kaduna ló mọ̀ pé ilé mi ló dára jù ládùúgbò. Nígbà tí obìnrin Ìlọrin kan láti yunifásítì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá láti fi ibi tí àgbàrá òjò máa gbà hàn wá, ilé mi ni mo kọ́kọ́ wá lójú àwòrán náà. Búlúù, àwọ̀ omi, ti bò ó mọ́lẹ̀, àwọn ayálégbé mi sì ń wò!

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún omi yẹn sí ilé kejì. Wọn ò tíì kan páànù síbẹ̀. Èmi lalága àdúgbò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Alájì, kì í ṣe èmi ni mo kùn ún. Kọ̀ǹpútà ló fi ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀ àti òjò ṣírò rẹ̀. Fàráńdà tẹ́ ẹ kọ́ sórí gọ́tà ló dínà omi."

Kai! Fàráńdà mi olówó ńlá! Ṣùgbọ́n ayálégbé kan ti ń bi ìyàwó rẹ̀ bóyá yàrá ṣì wà ní àdúgbò Doka tí wọ́n lè kó lọ. Mo gbé òòlù, mo fọ́ ọ fúnra mi. Obìnrin náà tún ìṣirò náà ṣe, omi sì fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Nínú ọyẹ́ ni o, òjò ò tíì ṣú! Ta ló tún lé àgbàrá báyìí rí ní Kaduna?