Ó-Ku-Díẹ̀ Láàárín Pẹpẹ Ìwé

Gbogbo ìwé ló máa ń kà, àfi tirẹ̀.

Ìwé nípa oyin sínsìn. Ìwé nípa bí a ṣe ń kan òrùlé. Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń rán aṣọ ọmọ ọwọ́. Ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀túnla. Ìwé ìṣirò tó yẹ kó kà wà nílé, lábẹ́ ìrọ̀rí, bí òkú tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sin ín. Òun rèé ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, lórí ìdúró, ó ń ṣí ojú ìwé olójú ìwé.

"Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fi ṣaya?"

Ìyá Oníwèé ló máa ń bi í bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ó ku díẹ̀."

Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ó-Ku-Díẹ̀. Ilé ìwé ń pè é bẹ́ẹ̀, àdúgbò ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jórinjórin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, bó bá ti fẹ́ nà án, orúkọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀gbọ́n náà ń nà án. Ó ń na ìyàwó rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó bá wà nítòsí ni. Bàtà. Ìdérí ìkòkò. Wáyà iná. Yàrá méjì ni ilé wọn, ògiri àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbọ́ ìró ara tó lu ògiri, á gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń gbé igbe mì kí aládùúgbò má baà gbọ́. Yóò ṣí ojú ìwé mìíràn. Ó ku díẹ̀, á wí fún ara rẹ̀, màá dìde. Kò dìde. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá ìyàwó nínú, tí oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ojú ìwé tó wà níwájú rẹ̀ nígbà náà, ó ṣì lè kà á láìwo ìwé.

Ìyàwó tún lóyún.

"Akọ̀wé mi," ó wí fún un lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń sá aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan ní ìka tó wọ́. Akọ̀wé lorúkọ tó fún àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Kò pè é ní Ó-Ku-Díẹ̀ rí. "Èyí ò ní bá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín lọ. Ẹ bá mi kó ẹrù mi jáde."

Ta ló ń tú báàgì akẹ́kọ̀ọ́ wò? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìwé. Aṣọ kan lábẹ́ ìwé lónìí, òmíràn lọ́la. Ní ṣọ́ọ̀bù, òfin ni pé ẹnìkan kì í gbé báàgì wọlé. Ẹnu ọ̀nà lo máa gbé e sí, Ìyá Oníwèé á fún ọ ní pákó pẹlẹbẹ kan tó ní nọ́ńbà, òun lo máa fi gbà á padà. Báyìí ni báàgì kan tó ń da aṣọ náà sí ṣe wà lábẹ́ tábìlì, tó ń sanra lójoojúmọ́. Ìyá Oníwèé rí i. Kò bèèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀:

"Àwọn ìwé rẹ yìí mà ń rùn bí ọṣẹ o."

Lọ́sàn-án yìí, ìyàwó ti mú pákó tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wá, ó ti gba báàgì, ó ti forí lé gáréèjì. Ọkọ̀ ìlú àwọn òbí rẹ̀ kì í ní àkókò. Ìgbà tó bá kún ló ń gbéra. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló sì máa gbà kọjá. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, ẹrù lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ dúró dè é. Kí ọwọ́ má baà dilẹ̀, ó mú ìwé oyin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé.

Pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Iná ti jó aṣọ náà lu bí asẹ́. Ọ̀pá irin kan lọ́wọ́. Ó ti délé lọ wá nǹkan tó gbàgbé, ó sì bá àpótí aṣọ ìyàwó lófìfo.

"Ó-Ku-Díẹ̀! Ìyàwó mi dà?"

Tó bá ní òun ò mọ̀, gáréèjì tààrà ni. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìyàwó tó sá ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ojú ìwé kan.

"Mo mọ ibi tó wà."

"Sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ojú ìwé yìí ná. Ó ku díẹ̀."

Ìgbájú. Ìwé oyin fò, ó lu fáànù.

"Mo ní níbo!"

"Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni."

"Ọ̀rẹ́ wo?"

"Èyí tó pupa yẹn. Àbí ó dúdú? Ẹ jẹ́ kí n rántí, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀pá irin bà á léjìká. Apá kú. Pẹpẹ wó tẹ̀ lé e, ìwé ń já lu orí wọn méjèèjì. Ó fà sẹ́yìn, ó sún mọ́ ògiri inú, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kẹ̀yìn sí títì. Ó ṣubú. Bàtà tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ bí nǹkan ṣe kán nínú rẹ̀.

"Jórinjórin! Ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń lu irin o!"

Ìyá Oníwèé gbé ìwé ìṣirò kan, tó nípọn bí bíríkì, ó fi gbá a létí. Jórinjórin tì í dànù sórí tábìlì.

"Orúkọ ọ̀rẹ́ náà!"

"Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí..." Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi..."

Ẹ̀ṣẹ́. Eyín kan já. Òmíràn mì. Ọwọ́ méjì lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ tó ń tẹ irin. Ọ̀nà ọ̀fun dí. Láti abẹ́ abíyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí títì. Kẹ̀kẹ́. Ajá. Títì lásán.

Lẹ́yìn náà, àwọ̀ ewé. Kòtò kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo awakọ̀ ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọkọ̀ náà rọra. Fèrèsé, fèrèsé, ojú obìnrin kan tó ń wo iwájú. Ó kọjá.

Ọwọ́ dẹ̀ díẹ̀.

"Níbo ló wà?"

"Ó tán."

"Kí ló tán?"

"Ojú ìwé tí mò ń kà. Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Jórinjórin bojú wẹ̀yìn. Eruku ló rí. Ó yí padà, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó gbá àbúrò rẹ̀ nínú. Ẹsẹ̀ kan náà. Ibì kan náà. Lẹ́yìn náà ló sáré jáde, ó gba ọ̀nà gáréèjì lọ, níbi tí ọkọ̀ ti kúrò.

Ìyá Oníwèé fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ dé ìdajì. Ó wo ilẹ̀. Ìwé, ẹ̀jẹ̀, eyín.

"Níbo lo máa sùn lónìí?"

Ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì rò. Ó ti sún un síwájú.

"Ìwé ìdánwò rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

Ilé tí kò lè padà sí mọ́. Obìnrin náà pòṣé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé ìṣirò tó fi gba jórinjórin létí, ó fi ìkángun ìró rẹ̀ nù ún, ó jù ú sí i lórí ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ìwé ṣọ́ọ̀bù náà, òun nìkan ni kò ṣí rí.

"Mú u. Ìpìlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ojú kan ti wú pa. Ó fi èkejì kà á.