Níbo Ni Ooru Tó Kù Lọ?

Àwọn aláìsàn ló sọ ọ̀rẹ́ mi ní Dá-èémí-dúró. Òun àti èmi la jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ́síréè ní ilé ìwòsàn. Èmi ni mo máa ń kọ orúkọ sílẹ̀, tí mo máa ń ní kí èèyàn bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti bẹ́líìtì. Òun ló máa ń tò wọ́n síwájú ẹ̀rọ, á wá lọ sẹ́yìn gíláàsì, á ní, "Ẹ fa èémí sínú. Ẹ dá èémí dúró." Tó bá yá, á ní, "Ẹ máa mí." Bàbá kan wá lọ́jọ́ kan tí etí rẹ̀ kò já gaara, kò gbọ́ ti ìkẹyìn yẹn. Ìgbà tí a ó fi yíjú sí i, ojú rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n dá a dúró," ni bàbá ń wí. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Físíìsì ló kà ní yunifásítì, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n oyè ọ̀mọ̀wé ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kí wọ́n tó gba èèyàn wọlé fún oyè yẹn, ìdánwò wà níbẹ̀, sílábọ́ọ̀sì ìdánwò náà sì gùn ju ọjọ́ ààwẹ̀ lọ: ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń yí àti ohun tó ń já bọ́, iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀, ooru, kúáńtọ́ọ̀mù tó ń da orí ọlọ́gbọ́n rú, àti ìṣirò tó so gbogbo wọn pọ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí a ń fi ẹ̀wù òjé tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán ẹ̀rọ kọ́ sí. Bí ó bá parí orí kan, á fi bírò fa ìlà sí i.

Mo bi í pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ti ń gbowó oṣù, kí ló tún ń wá lọ sílé ìwé?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ń rí inú gbogbo èèyàn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé kí ló kù tí kò rí."

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ dojú kọ ìdánwò yìí nílé wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti múra rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ ọ ní ìṣirò láti kékeré, òun náà ló sì sọ fún un pé ohun tí èèyàn kò bá lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn, kò tíì yé e. "Tí kò bá sí ẹni tó máa gbọ́ ọ," ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí, "gbé àga kan síwájú, kí o ṣàlàyé fún àga." Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ẹ̀gbọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó jáde. Kò wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sì padà wálé. Wọ́n wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wá a dé ilé ìwòsàn, wọ́n wá a dé ibi tí ìyá kì í fẹ́ kí wọ́n wá ọmọ òun dé. Àwọn kan ní ìwé ló dà á lórí rú. Àwọn kan ní ó ti wà lókè òkun. Ìrònú ọ̀rọ̀ náà ló pa bàbá wọn. Ìyá wọn ní tirẹ̀ kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, kò sì gbà kí wọ́n kó kúrò nínú ilé náà.

Ilé yẹn náà ni Dá-èémí-dúró ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Yàrá ẹ̀gbọ́n ló ti ń kàwé. Aránṣọ ni Màmá, aṣọ ọmọ ilé ìwé ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń rán. Pátákó tín-ín-rín kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá náà àti pálọ̀ tí máṣíìnì rẹ̀ wà. Tí ọ̀rẹ́ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, á jẹun, á gbé àga kejì síwájú ara rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

Bí ó ṣe ń ṣàlàyé lọ́jọ́ kan nìyẹn, ni Màmá bá sọ̀rọ̀ láti pálọ̀.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Mò ń wọn aṣọ."

Ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì nígbà tí a ń jẹun. Mo ní ọjọ́ orí ni.

"Ọjọ́ orí wo?" ló dá mi lóhùn. "Màmá tó ń fi ojú ara rẹ̀ sọ òwú bọ abẹ́rẹ́? Kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ rí láyé rẹ̀. Tí ó bá fẹ́ bú èèyàn pàápàá, á kọ́kọ́ tò ó dáadáa ni."

A rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ó dé orí ẹ̀kọ́ ooru. Ìṣirò kan wà níbẹ̀ nípa afẹ́fẹ́ tí wọ́n dé mọ́ inú àgbá irin, tí wọ́n wá ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ kò gbọdọ̀ sọnù. Ó di dandan kí a rí ibi tí gbogbo rẹ̀ gbà lọ. Ọ̀rẹ́ mi ṣe ìṣirò náà sórí ìwé, ó dìde, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó ṣe dákẹ́, máṣíìnì dákẹ́ ní pálọ̀.

Màmá ní, "O ò dá a lóhùn."

"Ta ni, Màmá?"

"Ó bi ọ́ ní ìbéèrè. Ó ní níbo ni ooru tó kù lọ."

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé òun kò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ìwé òun ni òun wò. Ìgbà tó wò ó dáadáa ló rí i pé òun ti ka ooru tó wọ inú afẹ́fẹ́, òun kò ka èyí tó gba ara irin jáde. Ìṣirò náà kò pé. Ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ wá tutù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Màmá kò kọjá ìwé kẹta, ẹ̀kọ́ tó sì mọ̀ nípa ooru kò ju ti áyọ́ọ̀nù tó ń fi lọ aṣọ lọ. Àbí kí lèèyàn máa wí sí i?

Ó dẹ́kun àtimáa sọ̀rọ̀ sókè. Ó gbé àga kejì lọ sí ilé ìdáná, ó sì ń fi ẹnu dídé kàwé. Ọjọ́ díẹ̀ ni ìyẹn fi ṣeé ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tó ti dorí kọ ìwé, tí kò sọ ohunkóhun, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ara pátákó, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ èèyàn:

"Kí ló ṣe ọ́ tí o ò dá ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn mọ́? Ó ti ń pè ọ́ láti àárọ̀."

Ó gbé àga náà padà.

Èmi fúnra mi lọ síbẹ̀ láti kí Màmá. Oòrùn mú, fèrèsé wà ní ṣíṣí, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Màmá gbé omi fún mi, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi nínú yàrá. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Á sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, á wá dákẹ́, ìdákẹ́ tó gùn tó gbólóhùn ẹlòmíràn. Á ní, "Rárá, ìyẹn kọ́." Á tún dákẹ́. Á ní, "Ẹn-hẹ́n, mo ti rí i." Nígbà tó yá ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un. Màmá náà rẹ́rìn-ín lórí máṣíìnì, ní àkókò kan náà gan-an.

Ó wò mí. "Aláwàdà ni láti kékeré," ló wí.

Mi ò lè mu omi náà tán.

Mo gba ọ̀rẹ́ mi nímọ̀ràn pé kó wá ẹni tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà náà lọ. Ọ̀kan wà, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ múra ìdánwò náà, tó ti di olùkọ́ ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ẹ̀kọ́ ooru bojú, ó wá bi í ní ohun tó gbé e wá. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, a jọ dé ẹnu géètì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ọwọ́ mi wà ní èjìká rẹ̀. Ó kàn dúró ni. Ó ní ìbéèrè kan wà tí òun kò tíì parí, pé orí tábìlì òun nílé ló wà, pé òun fẹ́ sáré lọ parí rẹ̀ kí wọ́n tó pè wá wọlé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà rẹ̀ ló ń ṣe. Ó yí padà, ó ń rìn lọ sílé, mo rí i títí tó fi kọ́ sí kọ̀rọ̀."

"Ìyá wa kò mọ èyí."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ náà gan-an ni mo wá sọ ọ́ fún wọn."

Ọ̀rẹ́ mi délé, ó sì bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé ilé ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nígbà tó sọnù."

"Ta ló sọnù?" ni Màmá wí. Kò gbé ojú sókè. "Ẹni tó ní òun ń bọ̀ wálé, ojú ọ̀nà ni onítọ̀hún wà. Ọ̀nà ló jìn. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó ń súnmọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ìwọ náà mú ìwé yẹn ló tó wọlé."

Ọ̀rẹ́ mi ní ohun tó dun òun jù ni pé ojú Màmá ń dán. Kò tíì rí i kí ara rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àárọ̀ tó mọ́ kedere ni. Màmá fún un ní omi nínú ike, ó gbàdúrà fún un, ó sì bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi wọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú yunifásítì, ó sì rí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu géètì ni ó rántí.

Ìbéèrè kan wà tí kò tíì parí.

Ó ní kò jọ ìrántí lásán. Ó rí ìwé náà lórí tábìlì yàrá, ó rí ibi tí bírò òun dúró sí, ìlà kan péré ló kù. Tí òun bá sáré lọ báyìí, òun á padà dé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu jù lọ láyé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yí padà kó tó mọ̀. Ó wá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí yanrìn, ẹsẹ̀ tó ń kánjú, tó kọjú sí ọ̀nà ilé.

Ní ẹnu géètì, aṣọ́nà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò mọ ohun tó kó ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ló wí, "ẹ bá mi di ọwọ́ mi mú, kí ẹ mú mi wọlé."

Aṣọ́nà náà wò ó. Kò bi í léèrè. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà dànù lára ṣòkòtò rẹ̀, ó dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni mú ọmọ sọdá títì.

"Má wo ẹ̀yìn," ló sọ fún un bí wọ́n ṣe ń lọ. "Ọdọọdún lẹnì kan máa ń dúró síbẹ̀ yẹn. Àwọn kan á ní àwọn gbàgbé gègé. Àwọn kan kì í sọ nǹkan kan rárá. Àwọn tó bá bẹ̀ mí ni mo lè mú."

Ó mú un dé ẹnu gbọ̀ngàn, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kọ ìdánwò. Ó ní bí òun ṣe mú bírò, ó di ìṣirò lásán, irú èyí tó ti ṣe tí kò lóǹkà. Ìgbà tó délé lọ́sàn-án, Màmá ti jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ nìkan lo dé?"

"Èmi nìkan ni, Màmá."

"Ó bá ọ jáde láàárọ̀. Mo rò pé ẹ jọ ń bọ̀ ni."

Màmá wọlé. Ó jókòó sórí àga kejì nínú yàrá, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Kò gbọ́ ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Kò gbọ́ ohunkóhun ní ọ̀la rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé orí lé etí tábìlì ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó sì sun ẹkún tó ti ń dì mọ́ra láti ọdún yìí wá. Àwọn aládùúgbò wọlé wá bá a. Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó ní, "Ọmọ mi tó kú."

Ọ̀rẹ́ mi yege. Wọ́n gbà á wọlé, ó sì fi iṣẹ́ ẹ́síréè sílẹ̀. Ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àwọn aláìsàn kò sì tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń gbé pẹ̀lú Màmá. Mo bi í láìpẹ́ yìí bóyá ìwé ń lọ dáadáa. Ó ní ó ń lọ. Ó wá ń fi ìka yí ife rẹ̀ po.

"Ohun tó le níbẹ̀," ló wí, "ni pé mo máa ń ṣe àṣìṣe báyìí, mi ò sì ní mọ̀."

Ó ní Màmá kì í bínú sí òun. Aṣọ ló ń rán. Nígbà mìíràn, tí òun bá ń kàwé lọ́wọ́, máṣíìnì á ṣàdédé dákẹ́ ní pálọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀.