Ọjọ́ tí Wọ́n Bọ́ Jẹ́sì Lọ́rùn Aṣọ́lé Wa

Ohun tí a pàdánù ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, pẹ̀lú orúkọ rere ọkùnrin kan tí ó ń ṣọ́ ilé gólì fún wa. Ẹgbẹ́ náà ti tú ká, a kò sì lè kó o jọ mọ́: eegun ti dàgbà, àwọn mìíràn sì ti lọ sí ibi tí a kì í ti í bọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í bá ara wọ ilẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

Tíṣà ilé-ìwé ni mí nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó háyà yàrá kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bí mo bá ti nu ẹfun kúrò lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, gbalasa ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọjà Sandgrouse ni ẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ. Àwọn ọlọ́jà á ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́, òórùn ata tútù á ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, àwa á sì máa gbá bọ́ọ̀lù títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Títí di òní, bí òórùn ata bá fẹ́ sí mi ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi a máa wá iyanrìn ibẹ̀.

Káfíńtà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni balógun wa. Aṣọ́lé wa jẹ́ télọ̀, Mùsùlùmí, ọmọ bíbí Ẹnu Ọwá, tí ilé baba rẹ̀ kò jìnnà sí Ìga, ààfin ọba, rárá. Kì í fò bí àwọn aṣọ́lé tí ń wá àtẹ́wọ́. Ńṣe ni yóò sún díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, tí bọ́ọ̀lù yóò sì bọ́ sí i láyà bí ọmọ tí ó ti ilé-ìwé dé.

A ní àṣà kan tí n kò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Ní oṣù ààwẹ̀, bí a bá dé ìsinmi àárín eré, kò sí ẹni tí ó ń mu omi nínú wa, ìbáà ṣe Onígbàgbọ́, ìbáà ṣe Mùsùlùmí. A ó fi omi ṣan ojú, a ó dà á sórí, ṣùgbọ́n kò ní kọjá ètè. Balógun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì pe ìpàdé lé e lórí. Ó gbé ife sẹ́nu lọ́jọ́ kan, ó rí i pé aṣọ́lé rọra gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì da omi náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wa kò mu mọ́. Àwọn Mùsùlùmí inú wa náà kì í sì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Aṣọ́lé a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí omi tí n kò mu.

"Tíṣà," ni yóò wí, "Ìjẹ̀bú tó ní gàrí nílé tó sì fi omi sílẹ̀! Àlùjánnà rẹ ti dájú."

"Bá mi rán ṣòkòtò mi tó wà lọ́wọ́ rẹ láti ọjọ́ yìí ná," ni èmi yóò dá a lóhùn, "kí n lè rí nǹkan wọ̀ débẹ̀."

"Wọ péńpé lọ," ni balógun yóò dá sí i. "Ṣebí eré la fẹ́ lọ bá wọn gbá."

Nígbà tí bọ́ọ̀lù wa gbó, tí jẹ́sì wa sì di àkísà, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà àdúgbò tí ń bójú tó ẹgbẹ́ fà á lé oníṣòwò kan lọ́wọ́. Mínírà inú ìgò ni ó ń tà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ sì ń lọ. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ra jẹ́sì tuntun fún wa, ó ra bọ́ọ̀lù awọ gidi, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi pa orúkọ ẹgbẹ́ rẹ́, tí ó fi orúkọ mínírà rẹ̀ rọ́pò. Lẹ́yìn èyí ni ó gba yíyan agbábọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ balógun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní: "Ta ló ni ẹgbẹ́?" Àwọn ìgbìmọ̀ yóò sì wolẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù ààwẹ̀, nínú ooru tí ó máa ń ṣáájú òjò, a pàdé ẹgbẹ́ kan láti òdìkejì ọ̀sà. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn wá dúró sẹ́yìn aṣọ́lé wa, wọ́n ń pariwo mọ́ ọn: "Gólì, ebi ń pa ọ́! Wá gba àkàrà!"

Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹ bá mi fi pamọ́ di ìṣínu," ni ó wí, "kó má ṣáà tutù o!" Àwọn tí ń bú u náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé ìsinmi àárín eré, kò tíì sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò náà, olówó ẹgbẹ́, wọ inú pápá, àpótí mínírà lẹ́yìn rẹ̀, onífótò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pín ìgò kan fún kálukú wa.

"Ẹ tò, ẹ gbé e sẹ́nu. Kí gbogbo èèyàn rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni aṣọ́lé wí, "ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ́wọ́. Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀."

"Ìgò tó wà lọ́wọ́ kì í tajà. Ẹnu ni mo fẹ́ rí."

"Ẹ jẹ́ kí onífótò bá mi kálé tóòrùn bá wọ̀, sà. Mo lè dá àpótí kan mu, ìyàwó mi á sì mu ìkejì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olówó ẹgbẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Balógun gbé ìgò tirẹ̀ sílẹ̀ lórí iyanrìn. "Sà, a kì í mu nǹkan lóṣù yìí. Gbogbo wa ni." A gbé tiwa náà sílẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Tíṣà, ìwọ náà? Ìwọ tí a jọ ń jẹ Oúnjẹ Olúwa?"

"Èmi náà, sà."

"Ta ló ni ẹgbẹ́?"

Ó na ìka sí aṣọ́lé. "Bọ́ jẹ́sì mi."

Ó bọ́ ọ. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ká a létí-létí bí télọ̀ ti ń ká aṣọ oníbàárà, ó gbé e lé orí àpótí, ó sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì rìn jáde. Balógun fẹ́ kó wa tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n aṣọ́lé fúnra rẹ̀ ni ó ké sí wa láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, "Ẹ lọ gbá a jàre! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní a sá." Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n rí gbogbo rẹ̀. Nínú wọn ni àwọn tí ó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà wà.

Olówó ẹgbẹ́ fi ẹni tí ń gbá iwájú sí ẹnu ilé. Wọ́n nà wá nínà ìtìjú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde láti ẹnu olówó ẹgbẹ́ pé aṣọ́lé ti ta eré náà fún àwọn alátakò, pé nígbà tí òun gbọ́ ni òun lé e kúrò. Mo kọ̀wé láti tako irọ́ náà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Balógun, èmi àti àwọn mìíràn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Olówó ẹgbẹ́ kó àwọn àlejò kún un, kò sì pẹ́ tí ẹgbẹ́ àti mínírà fi jọ kú. Irọ́ náà ni kò kú.

Mo lọ bá aṣọ́lé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ìtúnnu ààwẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí a lọ sí Sandgrouse, àwa díẹ̀ péré, kí a kàn ta ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù.

Kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Tíṣà, bí mo bá mú bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní mo fẹ́ fi bo àṣírí ni. Bó bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n á ní mo tún ti tà á. Èwo ni kí n wá fi ọwọ́ mi ṣe?"

Kò ṣọ́ ilé fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń kọjá níbi iyanrìn náà, mo máa ń wo ibi tí ó máa ń dúró sí, láàárín òkúta méjì tí a fi ṣe ẹnu ilé, àárò rẹ̀ a sì sọ mí débi pé n óò dúró láìmọ ohun tí mo ń dúró dè. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń jà ládùúgbò, èébú tí wọ́n fi ń bú wọn ni pé baba wọn ta eré.

Olówó ẹgbẹ́ ṣì wà láàyè. Ìjókòó iwájú ni ó ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà wà láàyè. Nítorí náà ni mo ṣe ń bi yín ní gbangba, níbi tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ti lè kà á. Ìwọ tí o ni ẹgbẹ́: ta ni ó ra eré náà lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo ni wọ́n ti nájà rẹ̀, ta sì ni ó sọ fún ọ? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀: ojú yín ni gbogbo rẹ̀ ṣe, èwo nínú yín ni ó la ẹnu, bí kò bá sì sí, kí ni ẹ gbà tí ẹ fi dákẹ́? Mo mọ̀ pé ẹ kò jẹ mí ní èsì. Ẹ jẹ àwọn ọmọ òkú ní èsì. Ilé wọn wà ní Ẹnu Ọwá, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú yín. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ dá wọn lóhùn.