Ọjọ́ Tí Àwọn Àgbà Kọ Ẹ̀yìn sí Mi ní Òkè Ọ̀kà

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ wọ agbo ilé wa ní Ìkàrẹ́. Láàárọ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan láti ìlú ńlá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn ilé mi, wọ́n wá ṣeré lórí òkè Ọ̀kà, tí mo ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí. Bí mo ṣe gbọ́ tí táyà wọn ń run òkúta wẹ́wẹ́, mo gbé ife tíì mi kalẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé eré ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ fún mi nígbà náà. Ọ̀kà ni ilé ìwé tí ọkàn mi fẹ́ wà, ṣùgbọ́n Bàbá mi, oníṣòwò obì, ní ọmọ àwọn kò ní í máa sùn nílé onílé. Mo ní n óò máa fi kẹ̀kẹ́ tí Bàbá rà lọ, n óò sì máa padà wálé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Irin yìí ni yóò gun òkè Ọ̀kà? Ó dáa. Gùn ún láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí o sì padà kí a tó kí ìrun Àsárì. Bí kò bá ṣeé ṣe, gbàgbé ìwé.”

Wọ́n ní kí Bùráímọ̀, ọmọ àbúrò wọn, tẹ̀ lé mi ṣe ẹlẹ́rìí.

Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà nígbà náà. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́, àti gbòǹgbò igi tó lè gbé ènìyàn ṣubú. Bùráímọ̀ jókòó sẹ́yìn mi, ó ń kérora. “Ẹ̀gbọ́n, ìdí mi ti di ti ẹlòmíràn o!”

Ó bọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, ó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé mi, mo sì dojú kọ òkè náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan yọ, àdá léjìká. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: a kì í wà lórí ohun gíga kí àgbà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta. Wọ́n súre fún mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀, mo yí kẹ̀kẹ́ padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Mo tún gùn. Ìyá kan tó ru igi ìdáná yọ. Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Mo tún gùn, àwọn àgbà ará ìlú Ìpè sì yọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Oòrùn ti kọjá àtàrí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn juwọ́ sí wọn kí ẹ máa lọ! Ta ni yóò sọ fún Bàbá?”

“Bàbá náà ni wọn yóò ní wọn kò kọ́ ọmọ,” ni mo fèsì, mo sì tún padà sísàlẹ̀.

Ìyá onígi kò tíì lọ. Wọ́n ti sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n ń wò mí. “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo sọ nù sórí òkè yìí?” Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. Ni wọ́n bá kígbe sí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀: “Ẹ dúró! Ẹ kọ ẹ̀yìn sọ́nà, gbogbo yín! Ẹni tí a kò rí kò jẹ wá ní ìkíni.”

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà, pẹ̀lú ẹrù lórí, kọjú sí igbó bí ẹni tó ń sá fún òjò. Mo ń gùn lọ lẹ́yìn wọn, itan mi ń gbóná bí iná.

“Ṣé ó ti kọjá? Ọrùn ń dùn mí o,” ni bàbá kan nínú wọn wí.

“Ẹ má wẹ̀yìn, Bàbá!” ni ìyá onígi fèsì.

Mo dé òkè. Níbẹ̀ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún gbogbo ẹ̀yìn wọn.

Bàbá mi ń ṣe àlùwàlá nígbà tí a wọlé. Bùráímọ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá gbójú sókè, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ wọn. “Gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí ọ?” Wọ́n mi orí. “Lọ sọ fún ìyá rẹ kí ó wá aṣọ ilé ìwé.”

Ọ̀dà ti bo òkè náà báyìí, mọ́tò ló ń sáré níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àárọ̀ yìí kò sọ̀ kalẹ̀ kí mi. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, òkè wà níwájú wọn. Mo yára kọjú sí ebè iṣu mi lẹ́yìn ilé, kí wọ́n má bàa jẹ mí ní ìkíni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ẹ má jẹ́ kí òkè lé yín padà, ẹ má sì jẹ́ kí ìkánjú mú yín fo àgbà dá. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi náà, ẹ máa wo igbó nígbà mìíràn, kí ọmọ lè kọjá.