Bọ́ọ̀lù Aṣọ Bàbá Sùnmọ́nù

Èmi àti Mùínátù jọ dàgbà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé wa kọjú sí tiwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ nílé wa, mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ nílé tiwọn, ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ inú ìkòkò kan náà la jọ ń jẹ. Nígbà tí a dàgbà, èmi ń ta aṣọ, òun di tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré ìdárayá. Fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè sáré, Mùínátù á wá ohun tí ó lè ṣe fún un. Kò sí ọmọ tó ń jókòó lásán lórí pápá rẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, Bàbá Sùnmọ́nù. Àwọn ènìyàn a máa ti Ayépé àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá rán agbádá lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dún 1984, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Dókítà sa ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rìn mọ́. Kí ẹsẹ̀ tó lọ, ọkàn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pe Mùínátù. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á ní ebi ń pa àwọn. Àwọn aládùúgbò ní arán ni wọ́n ń ṣe, pé kí a máa fún wọn lóúnjẹ, kí a máa wẹ̀ fún wọn, ó tán. Ọdún yẹn náà ni Mùínátù fẹ̀yìn tì. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá ló kọ́kọ́ dà á láàmú, nítorí ọwọ́ náà kò sinmi. Wọ́n á fa òwú ara bẹ́ẹ̀dì títí aṣọ á fi ya. Wọ́n á tú ìrọ̀rí. Ẹnìkan tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó so ọwọ́ náà. Mùínátù ní iṣẹ́ ni òun yóò wá fún un.

Ayò ló fi bẹ̀rẹ̀, torí Bàbá mọ ayò ta dáadáa láyé ọjọ́un. Ó gbé ọpọ́n kalẹ̀ níwájú wọn, ó to ọmọ ayò sínú rẹ̀. Bàbá wò ó títí, wọ́n mú ọmọ ayò kan, wọ́n sì jù ú sẹ́nu. Nígbà tí Mùínátù fi ìka yọ ọ́, inú bí wọn, wọ́n ti ọpọ́n ṣubú, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Edith, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe lánàá ni mo gbé fún wọn. Ohun tí wọ́n lè ṣe lónìí ni ó yẹ kí n wá.”

Ó ní kí n fún òun ní àjákù aṣọ tó tóbi, kí ó má sí èyí tó kéré tó ohun tí ènìyàn lè gbé mì. Ó ní kí káfíńtà kan gé pákó tó lè dúró lórí apá àga Bàbá méjèèjì bíi tábìlì. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí sísọ́ọ̀sì. Aṣọ nìkan ló kó síbẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa á, wọ́n tọ́ ọ, wọ́n fi etí lé etí, wọ́n ká a. Wọ́n béèrè ẹni tó ni aṣọ náà. Mùínátù ní, “Ẹ bá mi ká a, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ká.” Wọ́n fa òmíràn mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn ti bọ́ lọ́wọ́ yíya.

Nígbà tí mo rí èyí, mo mú ìyá tèmi náà lọ. Eékún ti há wọn, ọpọlọ sì ti ń tàn wọ́n jẹ. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ní àwọn ń lọ sí Ìmùṣin lọ bá ìyá àwọn, ìyá tí a ti sin kí wọ́n tó bí mi. Mùínátù gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀, pé kí wọ́n máa já ewé rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fi ewé sẹ́nu, ẹ̀fọ́ ni wọ́n jẹ. Ìyá mi já a, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ní Ìmùṣin, ọ̀rọ̀ àtilọ sì tán lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò tán. Mùínátù á kàn bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni ìyá wọn, wọ́n á sì máa sọ ọ́ títí ọkàn wọn á fi rọ̀.

Lẹ́yìn náà ló rán àjákù aṣọ di bọ́ọ̀lù tó tó orí ọmọdé. Ó so agbọ̀n kan mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nílé ìwé, kí àwọn àgbà méjèèjì máa jù ú síbẹ̀ láti orí àga. Kò débẹ̀. Apá wọn kò gòkè mọ́. Ó tú agbọ̀n, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Ìgbà yìí ni bọ́ọ̀lù wọlé, Bàbá sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Wọ́n ń ṣe eré yìí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí Kàmọ́rù, àbúrò Mùínátù, dé láti Èkó. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gidigidi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

“Àǹtí mi,” ó ní, “ṣé bọ́ọ̀lù lẹ wá ń bá bàbá wa gbá? Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ kí, lẹ sọ di ọmọ jéléósinmi?”

Mùínátù kò bá a jà. Ó ní kó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀, ó sì gbé pákó sórí àga, ó kó aṣọ lé e. Bàbá wo Kàmọ́rù, wọn kò dá a mọ̀. Wọ́n na etí aṣọ kan sí i.

“Di ibẹ̀ mú. Fà á, kó tọ́.”

Kàmọ́rù fà á. Wọ́n ká a pọ̀, wọ́n mú òmíràn. Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Wọ́n mi orí. “Ó hàn.”

Kàmọ́rù jókòó síbẹ̀ títí ìyá mi fi já ẹ̀fọ́ tán. Nígbà tó fẹ́ padà sí Èkó, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnìkan ṣì lè bá wọn sọ̀rọ̀ báyẹn. Kó tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti ra àga onítáyà ránṣẹ́, a sì ń fi í ti Bàbá jáde lọ gba atẹ́gùn.

Bàbá Sùnmọ́nù kú ní 1988, nínú oorun, lọ́sàn-án. Kí ọjọ́ náà tó dé, àwọn ènìyàn ti ń gbé òbí wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Mo rò pé Mùínátù á sinmi lẹ́yìn ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ Alàgbà Simeon, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbé bàbá rẹ̀ dé. Ó ní wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́, wọn kò lè ṣe nǹkankan.

“Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀?” ni Mùínátù bi í.

“Wọ́n ń wa lọ́rì.”

Mùínátù wo àwọn ọwọ́ ńlá náà lórí itan bàbá. Ó ní kí a gbé àga wọn súnmọ́ ibi tí wọ́n ti lè rí títì dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ wá ohun róbótó kan tí wọ́n lè máa yí.