Ilé Tí Kò Ní Aṣọ́lé

Òórùn bàtà àlòkù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ọjà Hédzranawoé: òórùn rọ́bà, òórùn awọ tó ti gbó, àti ti eruku inú kọ̀ǹténà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ibẹ̀ ni mo ti ra gbogbo ohun tí mo fi ṣeré họ́kì. Mo ra bàtà rólà tí táyà rẹ̀ kan pupa tí àwọn yòókù dúdú, mo ra ọ̀pá tí wọ́n ti fi téèpù wé lọ́rùn, mo sì ra tìmùtìmù ńlá méjì tí aṣọ́lé máa ń dè mọ́ ojúgun. Ẹni tó tà wọ́n fún mi rò pé ìrọ̀rí ọmọdé ni. Orí yìnyín làwọn òyìnbó ti ń gbá họ́kì, ṣùgbọ́n kò sí yìnyín ní Lomé àfi èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń dà sórí ẹja wọn, nítorí náà orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni àwa ti ń gbá họ́kì tiwa, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé nígbà náà ni. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ló gbà mí, Faransé tó wà lẹ́nu mi kò sì ju bonjour àti ça va lọ. Ìwọ náà mọ bí ìlú ṣe máa ń rí lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Àwọn ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín, wàá máa bá wọn rẹ́rìn-ín, o kò sì ní mọ̀ bóyá ìwọ gan-an ni wọ́n ń rín. Họ́kì ló fún mi ní ẹni tí mo lè bá jókòó. Olùkọ́ ni balógun ẹgbẹ́ wa, ọmọ àwọn Ifẹ̀ tó ti tẹ̀dó sápá Atakpamé láti ìgbà pípẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń yé mi bó bá rọra sọ ọ́. Nígbà tó rí i pé n kò lè fi bàtà rólà sáré, ó nawọ́ sí ojú ilé, ó ní, "Àbúrò, ẹni tí kò lè sáré, kó lọ dúró." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo lọ dúró lóòótọ́, ó sì wá hàn pé mo mọ ìdúró.

Ká má purọ́, tìmùtìmù yẹn ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀, méjèèjì á pa dé bí ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀lù kò sì ní rí ibi gbà. Bó bá tún wá ṣubú sítòsí mi, màá jókòó lé e títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè. Báyìí ni a ṣe ń bá ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn ṣeré tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ góòlù lọ́wọ́ wa. Àwọn òǹwòran sọ mí ní Ògiri. Bí mo bá ń kọjá lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn tó ń ta àga àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà á pè mí bẹ́ẹ̀, èmi náà á gbé ọwọ́ sókè bí olóyè. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ti yẹ lọ. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù, bàbá mi sì sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Àwọn ará Baguida ni alátakò wa. Etí òkun ni wọ́n ń gbé, wọ́n yára, wọn kì í sì í bẹ̀rù ìkọlù. Wọ́n máa ń ní aṣọ òkú òyìnbó, ìyẹn aṣọ àlòkù, làwa ará Hédzranawoé ń wọ̀ ṣeré, àwa náà á ní ẹ jẹ́ ká bo imú, àwọn ẹlẹ́ja ti dé. Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa lọ sí etí òkun lọ́jọ́ ìdíje, ó ní láti múra sílẹ̀. Aṣọ́lé tiwọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan, Nàgó láti ilẹ̀ Benin, Mùsùlùmí tó máa ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó tó wọlé. Òun náà kì í jẹ́ kí góòlù wọlé. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, òfo sí òfo ni a máa ń gbá a, ọ̀pọ̀ òǹwòran á sì ti dìde lọ kí fèrè ìparí tó dún.

Ohun tó mú kí àwọn tó ń darí ìdíje yí òfin padà nìyẹn. Ìpele ìkẹyìn ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n pè wá jọ. Wọ́n ní àwọn ènìyàn fẹ́ rí góòlù. Wọ́n fẹ ojú ilé sí i. Wọ́n ní tìmùtìmù aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ púpọ̀ mọ́. Wọ́n ní aṣọ́lé tó bá jókòó lé bọ́ọ̀lù láìnídìí, wọn yóò yọ ọ̀kan nínú àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lórí pápá fún ìgbà díẹ̀, àní bí alátakò bá tilẹ̀ jẹ góòlù lẹ́yìn náà, ẹni náà kò ní tíì padà. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù mi kúrò, tí fóòmù rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ wúrúwúrú, ìbéèrè kan wọ inú mi tí n kò lè dáhùn: ṣé èmi ni mo ti ń ṣọ́lé láti ọjọ́ yìí ni, àbí tìmùtìmù yìí?

Ẹgbẹ́ wa àti ti Baguida ló bá ara wọn ní ìpele ìkẹyìn, ẹni tó bá sì borí lẹ́ẹ̀mejì ni yóò gba ife ẹ̀yẹ. Baguida na wá ní àkọ́kọ́. Àwa náà nà wọ́n ní ìkejì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń wọlé sí mi lẹ́yìn bí omi tó ń jò láti orí òrùlé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló kàn ń jẹ ju èyí tí mò ń tú sílẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyẹn náà dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí a máa gbá èyí tó kẹ́yìn ni bàbá mi pè pé òun ń bọ̀ ní Lomé, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí Ògiri. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ fún bàbá ẹni pé kó má wá.

Ó dé pẹ̀lú fìlà tuntun. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà, a fi í sí ìlà iwájú, lábẹ́ agboòrùn obìnrin kan tó ń ta omi tútù. Ó ti sọ fún obìnrin náà pé ọmọ òun obìnrin ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá tí òun náà kò sì gbọ́ Mina, èdè ìlú náà. Mo rí i tó ń nawọ́ sí mi, tí obìnrin náà ń mi orí.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, Baguida ti jẹ góòlù mẹ́rin nígbà tí àwa ṣì wà lórí méjì, àsìkò sì ti ń lọ. Èyí tó ṣe ìkẹrin gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Nígbà náà ni balógun wa gbé ọwọ́ sókè, ó ń pè mí. N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́. Àfi ọjọ́ tí Baguida na wá yẹn, a kò tíì kẹ́yìn ní ìparí eré rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́lé, n kò sì tíì rí i kí wọ́n fi ilé sílẹ̀ láìní aṣọ́lé, kí agbábọ́ọ̀lù kan sí i lè wọlé lọ kọlù. Ó tún pè mí: "Jáde wá, àbúrò." Mo la pápá kọjá láti ìpẹ̀kun dé ẹ̀gbẹ́, rólà mi ń dún kẹrẹkẹrẹ lórí sìmẹ́ńtì, àwọn òǹwòran Baguida sì ń pè mí ní Ògiri, ní Ògiri, wọ́n ń fà á gùn bí orin. Mo jókòó. N kò wo ibi tí bàbá mi wà.

Kò pẹ́, a jẹ ìkẹta. Kò pẹ́ sí i, a jẹ ìkẹrin. Ó ti di ọgbọọgba. Mo dìde, mo gbé ọ̀pá mi, nítorí ó yẹ kí aṣọ́lé padà nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti bá ara wọn dọ́gba. Balógun wa kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ síwájú àyà mi bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dá ewúrẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Dúró síbẹ̀." Mo padà jókòó. Ará Baguida kan gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè sí ilé wa tó ṣófo, ó lu òpó, ó padà. Láti ibi tó padà sí ni àwọn tiwa ti gbé e lọ, tí wọ́n sì jẹ ìkarùn-ún.

A gba ife ẹ̀yẹ. Wọ́n gbé balógun sọ́rùn, wọ́n da omi lé mi lórí, wọ́n fà mí wọ inú ijó. Mo jó. Mò ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà, mò ń wo ẹnu àwọn ènìyàn kí n lè mọ ìgbà tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: gbogbo ìgbà tí mo wà nínú ilé yẹn ni wọ́n fi ń jẹ wá, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, kò sí góòlù tó wọ̀ ọ́.

Nínú tákísí, bàbá mi ń wo ojú ọ̀nà títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Ó rẹ̀ ọ́ ni wọ́n ṣe ní kí o sinmi," ó ní. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Oòrùn ibí yìí mú jù."

Nígbà tó padà sí Ìbàdàn, ohun tó sọ fún wọn nílé nìyẹn, pé ọmọ òun ṣọ́lé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń wá irọ́ pa. Pé ó jókòó nínú mọ́tò tó ń wá èyí tó máa bò mí, ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rín àwọn ará Baguida lọ.

Mo pa pápá tì. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ kí àwọn tó ń ta àga má bàa rí mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé. Balógun wa mú mẹ́dà mi wá sílé, mo sì bi í léèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: kí ló dé tí wọn kò dá mi padà?

"Mi ò ní tàn ọ́," ó ní. "Ẹ̀rù ti bà ọ́. Bí mo bá dá ọ padà, wọ́n á tún jẹ góòlù lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Mo fẹ́ kí á borí ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi mẹ́dà náà sábẹ́ aṣọ tí n kì í wọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ibi iṣẹ́ rán mi lọ sí Baguida láti wo ẹrù oníbàárà kan. Oòrùn mú, mo yà síbi ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń tún firíìjì ṣe láti ra omi. Ẹni tó gbé orí sókè láti ẹ̀yìn firíìjì tí wọ́n tú sílẹ̀ ni aṣọ́lé wọn. Ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ló gbé sílẹ̀. Ó fi aṣọ nu àga kan fún mi. Nàgó ẹnu rẹ̀ wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ̀yin ni wọ́n yọ. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀."

Mo jókòó sórí àga náà.

"Wọ́n jẹ mí ní mẹ́ta níbi tí mo dúró sí. Àwọn tiwa ò jẹ ọ̀kan níbi tí ẹ ò sí. Wọ́n ní ilé òfìfo ló nà mí. Àwọn ọmọ àdúgbò mi ti fi ṣe orin."

"Ṣé o ṣì ń lọ sí pápá?"

"Rárá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà ò lọ."

Ẹ̀fúùfù òkun ń fẹ́ iyanrìn wọ inú ìsọ̀. Ó wá béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tì lójú, bóyá mo ti rí bí ènìyàn ṣe lè ṣọ́ ojú ilé tó fẹ̀ tó báyìí láìkúnlẹ̀. Mo ní n kò tíì rí i. Ó ní òun náà kò tíì rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo gbé bàtà mi, mo padà lọ síbẹ̀. Ilé kan tí wọn kò tíì parí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ilẹ̀ rẹ̀ ti ní sìmẹ́ńtì. Ó gbá bọ́ọ̀lù sí mi, mo gbá a sí i, kò sẹ́ni tó ń wò wá. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbọ́, àwọn tèmi ní mo ti ta wọ́n fún Baguida, àwọn tirẹ̀ ní ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. A ń bá ìdánrawò wa lọ. A kọ́ láti dúró lórí ẹsẹ̀, láti sún kí bọ́ọ̀lù tó sún. Nígbà tó yá, àwa méjèèjì padà sí pápá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jẹ wá. Àsìkò òfo sí òfo ti lọ, kò sì ní padà.

Má bi mí bóyá ìtìjú náà ti tán. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún ọ yìí, etí mi ń gbóná. Títí di òní, bí àwọn ènìyàn bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹnìkan á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilé tí kò ní aṣọ́lé, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ohun tó wá ń tì mí lójú jù báyìí ni ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀. Ní ọjọ́ náà, lórí ìjókòó yẹn, ara mi nìkan ni mò ń wò. Ọmọkùnrin kan dúró ní òdìkejì pápá, ilé ń wó lé e lórí níwájú gbogbo ará ilé rẹ̀, n kò sì gbé ojú lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé èmi nìkan ni aṣọ́lé tó wà níbẹ̀.