Àga Onígbàjámọ̀ Lórí Ìtàgé

Ọdún mọ́kànlá ni onígbàjámọ̀ yìí fi ṣeré orí ìtàgé láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ti ṣe igi rí. Ó ti ṣe òkú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé lọ́jọ́ kan oorun gbé e lọ lóòótọ́, tí òkú ń hanrun níwájú àwọn tó ń sunkún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọn kò gbé lé e lọ́wọ́ rí.

Ẹgbẹ́ òṣèré náà kò ju ènìyàn márùn-ún lọ. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn, òun náà ló sì máa ń jẹ ọba nígbà gbogbo, ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Ìyá aránṣọ kan ni ayaba, òun kan náà sì ni gbogbo ọmọ ogun ọ̀tá. Lọ́dún yìí, wọ́n fẹ́ ṣe eré àtijọ́ kan tí kò sí ọmọ iléèwé tí kò kà á: ọba ń múra àtilọ sójú ogun, ìránṣẹ́ wọlé, ó gbé aṣọ ìgúnwà lé e léjìká, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ fún un pé àrẹ̀mọ rẹ̀ ti kú. Páálí ni wọ́n fi ṣe adé. Aṣọ ìbora ìyá aránṣọ di aṣọ ìgúnwà. Ìtẹ́ ọba ni kò sí. Onígbàjámọ̀ ní òun yóò gbé àga ṣọ́ọ̀bù òun wá bí wọ́n bá lè fún òun lọ́rọ̀ sọ. Tíṣà yí àga náà po, ó tẹ fóòmù rẹ̀ wò, ó ní, “Ìwọ ni ìránṣẹ́.”

Bàbá onígbàjámọ̀ ló ra àga yẹn, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Àgbàlagbà náà ti fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń ka àléébù irun fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Eré ṣíṣe kì í ṣe iṣẹ́ lójú tirẹ̀.

“Témi bá gérun tán, mo rí irun gbá,” ló máa ń wí. “Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá ṣeré tán, kí lo rí gbá?”

Ó wu ọmọ kí bàbá òun wo òun lórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì gbà pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe. Nígbà tí bàbá sì gbọ́ pé wọ́n ń gbé àga lọ, ó wọ bàtà.

“Ẹ ń bọ̀, Bàbá?”

“Àga mi ni mò ń bá lọ.”

Ó dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n wíwá ni wíwá.

Àṣìṣe wọn kan ṣoṣo ni pé orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti ń dánra wò, nítorí àga kò lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí di ọjọ́ eré. Gbọ̀ngàn iléèwé kan ni wọ́n ti ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́, bàbá sì wà níwájú pátápátá. Ọba jókòó. Onígbàjámọ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ ìgúnwà. Bí ó ṣe rí orí lórí àga yẹn báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kò bi í léèrè mọ́. Ó gbọn aṣọ náà pà, ó dà á bo ọba láti iwájú, ó so ó lẹ́yìn ọrùn. Ó fẹsẹ̀ tẹ irin abẹ́ àga, Kábíyèsí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi kanlẹ̀ mọ́.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà,” ni ẹnu rẹ̀ wí. “Ṣé ká gé e mọ́lẹ̀ ni, àbí ká kàn tún etí ṣe?”

Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ayaba kọjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Onígbàjámọ̀ wo bàbá rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún dojú kọ ọmọ iléèwé kì í tètè dàrú. “Gé e mọ́lẹ̀,” ni Tíṣà wí. “Ojú ogun ni mò ń lọ.”

Kí ló kù tí yóò ṣe? Ó ṣí adé páálí lórí ọba, ó na ìka méjì bíi sísọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gérun. Ó tẹ orí ọba síwájú, ó ká etí rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ̀rín sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí àga yẹn ló ti sọ fún oníbàárà kan rí pé ìyá rẹ̀ ti kú, nítorí pé àwọn ará ilé ọkùnrin náà kò lè sọ ọ́. Ó mọ̀ pé a kì í dá ọwọ́ dúró nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó ń gérun lọ, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sétí ọba:

“Kábíyèsí, àrẹ̀mọ yín ò ní bọ̀ mọ́.”

Tíṣà fẹ́ yíjú. Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ di orí rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́, ó dá a padà síwájú, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Omi dà lójú Tíṣà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú gbogbo ìdánrawò. Ó sọ fún wọn lẹ́yìn eré pé irun ló wọ òun lójú.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti lọ tán, bàbá gun orí ìtàgé, ó fọwọ́ pa àga rẹ̀ yíká, ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe é.

“O ò gé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ délẹ̀,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Àgbàlagbà náà na ìgbálẹ̀ gbọ̀ngàn sí i. “Gbá irun yẹn kó o tó gbé àga mi.”

Ọmọ wo ilẹ̀. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ó gba ìgbálẹ̀, ó sì gbá a dáadáa.